Ta Ni Yóò Wẹ Ìyá Àgbà?

Kùwéètì,
18 Oṣù Kìíní, 1988

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọdún Kérésì tó kọjá. Ṣé àláàfíà ni ẹ wà? Orúnkún tó máa ń dùn yín nígbà òtútù ńkọ́? Suad, ìyàwó Adli arákùnrin mi, ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Káírò? Ẹ bá mi kí Abúnà Mityas, àlùfáà wa, ẹ bá mi fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀.

Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Hájà Munira, ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú, ṣì wà lórí ibùsùn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kọ iṣẹ́ rárá. Láàárọ̀ yìí ó ní mo ti sanra bí ìyàwó mínísítà, pé kí n má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun kó má baà wó.

Mo gba kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù yín tí ẹ fi rán Ramadan, ọmọ aládùúgbò wa, nígbà tó ń padà bọ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀ níbí. Gbogbo àwa ọmọ Íjíbítì tó ti Minya wá la jọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn. Obìnrin kan ń nu ojú. Wọ́n ní, "Nargis, bàbá ẹ nìyẹn? Ọlọ́run fún un lẹ́nu o!" Mo gbé orí sókè láàárín wọn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí Ramadan mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá, mo béèrè Ìyá Àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó wà o. Màmá mi ló ń lọ wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá koríko lẹ́yìnkùlé yín."

Mo ní, "Yàrá koríko wo?"

Ó ní, "Èyí tó fara ti ilé ẹran, tí wọ́n ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ níta." Ó wo ojú mi. Ó ti rò pé mo mọ̀.

Ṣé òótọ́ ni? Ìyá tó bí yín ni mo ń béèrè o. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Jerúsálẹ́mù, tí gbogbo abúlé ń pè ní Mukaddis. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, kí n lè sọ fún Ramadan pé ó ṣi nǹkan gbọ́.

Ọmọ yín,
Nargis


Nazlet Tadros, Minya,
6 Oṣù Kejì, 1988

Sí ọmọ mi Nargis,

Kí oore-ọ̀fẹ́ àti àláàfíà Olúwa wa àti Olùgbàlà wa máa bá ọ gbé ní ilẹ̀ àjèjì tí o wà. Mo fi ìyìn fún Ẹni tó dá ẹ̀mí rẹ sí, tó ń fún ọ ní oúnjẹ òòjọ́, tí kò jẹ́ kí o ṣubú láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé ojú mi ló ń ṣì í kà.

Ìyá mi ò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ abúlé wa wò, ó bọ́ sójú ọ̀nà ní ìhòòhò ọmọlúàbí, ó dúró níwájú ọkọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, ó ń bú u. Ó pe irùngbọ̀n rẹ̀ ní ìrù ewúrẹ́. Gbogbo ìjọ ń wò. Èmi ni mo mú àsíá dání. Kí ni ìwọ ì bá ṣe?

Yàrá náà gbẹ, ó móoru, mo sì ti ní kí wọ́n kùn ún lẹ́fun. Okùn ẹnu ọ̀nà, nítorí kó má baà rìn já sínú odò ni. Suad lóyún, bó bá ti gbóòórùn báyìí, èébì ni. Èmi náà, ọkùnrin ni mí, díákónì sì ni mí. Ọwọ́ tí mo fi ń gbé ohun mímọ́, ṣé òun ni kí n fi máa kó ìgbẹ́? Ìyá Ramadan fẹ́ràn ìyá mi, òun ló ń wá fúnra rẹ̀, a ò ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ọmọ mi, ṣọ́ra fún ẹni tí o ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀. Òfófó ló ń tú ilé. Máa gbàdúrà, máa ka Ìwé Mímọ́ lówùúrọ̀, kí ọkàn rẹ lè rọ̀. Sùúrù àti ìfẹ́ ni aṣọ onígbàgbọ́.

Ó ku ohun kan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kọ, bí mo bá ń wàásù, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ mi. Bí o bá rí èyí tó dáa ní Kùwéètì, rà á, kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Bàbá rẹ nínú Olúwa,
Labib


Kùwéètì,
24 Oṣù Kejì, 1988

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Mi ò béèrè ara yín, nítorí mo rí i nínú ìwé tí ẹ kọ pé ara yín le.

Mo bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ fi ìwàásù dá mi lóhùn. Ẹ ní yàrá náà gbẹ, ẹ ní ó móoru. Ó dáa. Ẹ kó ẹní yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n so ilẹ̀kùn mọ́ yín níta, kí ẹ wá kọ̀wé sí mi bó ṣe móoru tó.

Ẹ ní ọwọ́ yín ń gbé ohun mímọ́. Bàbá, ta ló wẹ ọwọ́ náà nígbà tí ẹ ò tíì lè jókòó? Ta ló nu ìdí yín? Ṣé obìnrin tó wà nínú yàrá koríko yẹn kọ́? Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi ń ya ìwé mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ má bínú sí bó ṣe rí.

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí? Láràárọ̀ ni mò ń gbé ìyá onílé, ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ mi, tí kì í ṣe ẹ̀sìn mi, mò ń nù ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ ìwàásù lẹ́nu mi rí. Níjẹta, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ní, "Nargis, ta ló kọ́ ẹ ní sùúrù tó báyìí?" Ó ti wà lẹ́nu mi pé bàbá mi ni. Mo gbé e mì. Ó lọ sísàlẹ̀ ọ̀fun mi bí eegun ẹja.

Ìyá Ramadan ò mọ̀wé. Mùsùlùmí ni, kò gbọ́ ìwàásù yín rí. Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ń sọ, òun ló ń ṣe é. Ààwẹ̀ ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta lẹ ń gbà yìí o, ẹ ò jẹ ẹran, ẹ ò mu wàrà, ẹyin ò kan ẹnu yín. Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi ẹyin tí ẹ ò jẹ ṣe?

Mi ò ra gbohùngbohùn. Ohùn yín ti dé ibi tó yẹ kó dé. Mo fi rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, àti páúdà, àti òróró ìpara fún egbò, àti ẹ̀wù méjì tó rọ̀. Ti Ìyá Àgbà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e wọlé.

Nargis


Nazlet Tadros,
12 Oṣù Kẹta, 1988

Nargis,

Ta ló bí ẹnì kejì láàárín àwa méjèèjì? Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo ti wà láyé, mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé ọmọ bi bàbá rẹ̀ léèrè pé ta ló nu ìdí rẹ̀. Inú ìwé! Níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á! Kùwéètì ti bà ọ́ jẹ́. Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò lọ́kọ, tí kò nílé, òun ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé.

Mo gba ẹrù rẹ. Mo kó o fún Ìyá Ramadan. Mi ò tú u wò.

Ìwọ rò pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni. O jókòó sí òkèèrè, ò ń fi ìka tọ́ka sí mi. Jẹ́ kí n sọ fún ọ. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, igbe ni ìyá mi ń ké, "Olè! Ẹ gbà mí o, olè ti wọlé!" Arákùnrin mi Fahim ló ń pè, Fahim tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Mo ní, "Ìyá mi, èmi Labib ni." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò bí Labib kankan. Níwájú Suad! Níwájú àlejò! Fahim kò fi ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan ránṣẹ́ sí i rí nígbà ayé rẹ̀. Èmi ni mo dúró tì í. Èmi ni mo gbin oko tó jẹ. Lọ́jọ́ tí ìyá tó bí ọ bá sọ lójú rẹ pé òun ò bí ọ, wá kọ́ mi ní sùúrù lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀ Ìwẹ̀sẹ̀ ń bọ̀ ṣáájú Àjíǹde. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé abọ́ omi àti aṣọ ìnura tẹ̀lé Abúnà bó ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìjọ, èmi náà ni màá gbé e lọ́dún yìí. Abúnà sì ti ní èmi ni kí n wàásù. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tí mo jẹ́. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀.

Bí o bá máa kọ̀wé, kọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń kọ̀wé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi bírò sílẹ̀.

Labib


Kùwéètì,
23 Oṣù Kẹta, 1988

Bàbá,

Mo gbọ́ ti Fahim. Ó dùn mí fún yín, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìyá Àgbà ò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹ má gbé abọ́ yẹn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní ara yín ò yá. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín. Ẹ parọ́, Ọlọ́run á dárí ẹ̀ jì yín ju ti abọ́ yẹn lọ. Bí ẹ bá gbé omi fún ẹsẹ̀ gbogbo ìjọ, tí ẹsẹ̀ ìyá yín wà nínú pàǹtí lẹ́yìnkùlé, ẹ má tún pe ara yín ní bàbá mi níbi tí mo bá ti lè gbọ́.

Mo ti kọ ọ́. Mi ò ní pa á rẹ́.

Nargis


Kùwéètì,
22 Oṣù Kẹrin, 1988

Bàbá,

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àjíǹde ti kọjá, ẹ ò kí mi. Gbogbo ẹni tó ń ti Minya bọ̀ ni mò ń dúró dè, wọ́n ní ẹ ò fi nǹkan rán wọn. Ramadan ní òun náà ò gbọ́ nǹkan kan láti ilé.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ máa bínú. Èmi náà ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá Ìyá Àgbà wà láàyè. Ìlà kan péré. Ẹ kọ "ó wà" tàbí "kò sí", kí ẹ má fọwọ́ sí i bí ẹ ò bá fẹ́.

Nargis


Nazlet Tadros,
27 Oṣù Kẹrin, 1988

Nargis,

Inú mi ò tíì yọ́ sí ọ. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí n má baà parọ́. Ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi, kò yẹ kí ọmọ kọ ọ́ sí bàbá.

Ìyá mi wà láàyè.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni lẹ́tà rẹ nípa abọ́ ti bá mi ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Ìwẹ̀sẹ̀. Mo kà á, mo fà á ya. Lọ́jọ́ kejì mo gbé abọ́ náà, mo sì wàásù. Mi ò wàásù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn ọkùnrin ń sunkún. Nígbà tí a parí, Abúnà Mityas di ọwọ́ mi mú, ó ní òun fẹ́ bá mi délé kí ìyá mi. Mo ní ó ń sùn. Ó ní òun á kàn gbàdúrà lé e lórí ni. Àwọn bíi mẹ́wàá tẹ̀lé wa. Mo ń wá ohun tí mo lè fi dá wọn dúró lọ́nà, mi ò rí i.

A dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Ramadan ti gbé ìyá mi jáde sínú oòrùn, ó ti kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú abọ́ ìfọṣọ, ó ń fi òkúta ha gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò dìde. Ó ní, "Mukaddis, ẹ sún díẹ̀, ẹ dí oòrùn mọ́ ọn."

Abúnà yọjú wo inú yàrá. Ó rí koríko, ó rí okùn. Ó ní, "Ta ló ń so ilẹ̀kùn yìí?"

Ìyá Ramadan ní, "Ẹ bi onílé, Abúnà. Èmi ò mọ nǹkan kan. Èmi ò gbọ́ ìwàásù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó bá sọ ọ́ di ikọ́.

Kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ bá mi, ìbínú ni. Mo pariwo mọ́ Ìyá Ramadan, "Jáde nílé mi! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Jáde!" Ó ní, "Ẹ jẹ́ n parí ẹsẹ̀ kejì." Mo ní kó jáde báyìí báyìí. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wọ bàtà, ó lọ. Abúnà ò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó gbàdúrà lé ìyá mi lórí, ó yí padà, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. Ó ku èmi àti ìyá mi, omi ń tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo pe Suad. Suad ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ìyá mi padà sínú yàrá, mi ò sì wẹ ẹsẹ̀ kejì. Mo rò pé Ìyá Ramadan á padà wá. Ó ti mọ́ra láti máa wá.

Kò wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì látàárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, mò ń ka ìwé ìjìyà Olúwa wa. Nígbà tí mo délé, kò sẹ́ni tó fún ìyá mi lómi. Inú ìdọ̀tí àná ló ṣì wà.

Ní Sátidé, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ramadan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé. Ó ní, "Ẹ ti lé mi, Mukaddis."

Mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Ó ní, "Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀." Ṣùgbọ́n ó mú ìborùn rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó da ojú korobá dé, ó jókòó lé e lórí. Ó ní, "Màá jókòó síbí. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ṣi í ṣe, màá sọ. Ọwọ́ mi ò ní kan omi lónìí."

Mo ká apá aṣọ mi. Ìyá mi gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní olè ń bọ́ òun láṣọ. Ìyá Ramadan ní, "Ó tọ́ sí yín. Ẹ bu omi sí i." Mo wẹ̀ ẹ́, Nargis. Ojú ti mí, mo di ojú, ó ní kí n la ojú mi kí n má fi ọṣẹ sí i lójú. Nígbà tí mo yí i padà, mo rí egbò kan ní ìbàdí rẹ̀, ó jìn, èèyàn lè ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Mo pariwo pé ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ramadan ní, "Láti ìgbà òtútù. Mo sọ fún yín. Ẹ ní kí n má dí yín lọ́wọ́, pé ẹ ń múra ìwàásù."

Mo rántí. Mo rántí pé ó sọ ọ́. Mo rántí ibi tí mo jókòó sí.

Yàrá mi ló wà báyìí, lórí ibùsùn mi. Ilẹ̀ ni mò ń sùn. Ó ṣì ń pè mí ní olè. Abúnà ní kí n wàásù lọ́jọ́ Àjíǹde, mo ní rárá. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní mi ò ní gun orí àga ìwàásù títí egbò yẹn á fi jiná, bó bá sì jẹ́ pé kò ní jiná, a jẹ́ pé mo ti wàásù tán. Ìyá Ramadan ti ń wá, ṣùgbọ́n àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan kànìnkànìn.

Wò ó, òróró ìpara tí o fi ránṣẹ́ ti tán. Ṣé inú egbò ni wọ́n ń fi í sí ni àbí etí rẹ̀? Bí mo bá ń gbé e, ó máa ń ké pé èjìká ń dun òun. Báwo lo ṣe ń gbé tìrẹ? Kò la ẹnu fún oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ Ìyá Ramadan nìkan ló ti ń jẹun. Kí ni kí n ṣe? Dá mi lóhùn kíá.

Labib


Kùwéètì,
9 Oṣù Karùn-ún, 1988

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ má fi òróró sí inú egbò. Ẹ se omi, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó tutù, òun ni kí ẹ fi máa fọ inú rẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó. Etí rẹ̀ ni òróró wà fún. Mo fi òmíràn ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ń dúdú tàbí tó ń rùn, ẹ má dúró de àdúrà ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní Samálút.

Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́ ẹ kọjá wákàtí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ má fa apá rẹ̀. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí kò tiẹ̀ mọ̀ yín. Ẹ ki apá kan bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìkejì sábẹ́ orúnkún, kí ẹ fà á mọ́ àyà yín kí ẹ tó dìde. Ẹ máa rọ́jú, orúnkún tiyín náà á dùn yín. Ní ti oúnjẹ, ẹ má dúró sí òkè orí rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ jọ wà níbì kan náà, kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó rí yín. Bó bá tu ú sí yín lára, ẹ nù ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà.

Mi ò tíì dárí jì yín. Mo ń gbìyànjú, kò tíì ṣeé ṣe. Bí mo bá ti rántí pé láti ìgbà òtútù ni egbò yẹn ti wà, màá ju bírò sílẹ̀. Mo ti gba ìsinmi fún oṣù kẹjọ. Màá wá wò ó fúnra mi, ẹ ò ní rí ẹ̀rín lẹ́nu mi tí mo bá kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ má retí rẹ̀. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí Ìyá Ramadan. Mo ní kí ẹ kúnlẹ̀ o.

Ibi ẹsẹ̀ Hájà Munira ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ń béèrè báwo ni mo ṣe ń gbé tèmi, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dá a dúró. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dáa lu ibùsùn. Ó ní, "Kí ló dé, ọmọ Íjíbítì? Ta ló kọ̀wé?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

Ó ní, "Yéè! Ó kú ni?"

Mo ní, "Rárá, Hájà. Ó wà láàyè."

Ọmọ yín,
Nargis